Ohùn Tó Ń Pe Nọ́ńbà ní Ìgándò

Ìdájí ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí àwọn àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ, tí ìrì ṣì wà lórí páànù. Ọkọ mi fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi dé gáréèjì. Ó gbé àpò irinṣẹ́ mi síwájú ara rẹ̀ bí ẹni gbé ìkókó, nítorí ó mọ̀ pé inú rẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ òòjọ́ mi wà: láptọ́ọ̀pù kan, dísìkì tuntun méjì tí kò tíì sí nǹkan nínú wọn, wáyà oríṣiríṣi, àti sukurudíráfà kan tí ẹnu rẹ̀ ti ń jẹ. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Sìdíkátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ń pè é tọkàntọkàn.

Ẹni tó ránṣẹ́ pè mí ni Màmá Métírọ́ọ̀nù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ní Èkó láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní ilé ìwòsàn aláboyún kan ní Ìgándò, lápá Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé náà pé ọ̀nà máa gba ibẹ̀ kọjá, Màmá sì ti kó lọ sí Ìdímù. Bẹ́ẹ̀dì ti lọ, oògùn ti lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ. Ohun tó kù nínú ilé àtijọ́ yẹn ni sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké bá kọ, bí ìyá àgbà tó ń pa ẹrù gbogbo ẹbí mọ́ sínú àpótí rẹ̀. Ti Màmá ti gbó gan-an. Èèyàn ò lè kàn gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀, torí bó bá mì jù, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ lè bá a lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ da ohun inú rẹ̀ sínú tuntun lójú ibi tó wà.

"Ẹni méjì ló ti lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ," Màmá sọ fún mi lórí fóònù. "Èkíní ní òun gbàgbé tọ́ọ̀ṣì sílé, kò padà wá mọ́. Èkejì ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Sìdí, ìwọ ni ọmọ ilé mi. Wá bá mi ṣe é."

Mo rò pé iṣẹ́ ló ju ọwọ́ wọn lọ.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣì rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, tóóró, kòtò ńbí, tírélà lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ mọ́ bá wa lẹ́yìn Ọ̀yọ́, oòrùn sì ti yọ dáadáa ká tó gba ẹ̀yìn Ìbàdàn bọ́ sí ọ̀nà Èkó. Awakọ̀ yà ní Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí bí màlúù tó sùn. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà níbẹ̀. Àkàrà wọn tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló pọ̀jù nínú rẹ̀. Èèyàn á jẹ ẹ́ tán, ikùn á tún máa bèèrè pé ìgbà wo la máa jẹun.

Nígbà tí mo dé Ìyànà Ìpájà, mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀, á ní, "Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ti débẹ̀." Níbí, "Ó wà o!" ni wọ́n ń ké, bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè, ọkọ̀ á sì dúró. Tí o bá kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó, á kọ́kọ́ wò ọ́ bóyá o fẹ́ ta oògùn ni. Mo gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá, mo dé Ìdímù lọ́sàn-án.

Mo ti ń retí pé Màmá Métírọ́ọ̀nù á ní kí n wẹ̀, kí n jẹun, kí n sùn, kí n lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá wọn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ wọn kan. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán.

"Dìde, dìde. Ṣé o rí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Ìyá Bàsírà ni. Àtàárọ̀ ló ti ń rọbí, ọmọ náà ò sì fẹ́ wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lè di pé ká ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó bí Bàsírà lọ́dọ̀ mi ní Ìgándò, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún un, díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti lọ sí òkè òkun. Ìyá Bàsírà ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún, ọkọ rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò rántí rẹ̀ dájú. Inú sáfà yẹn ló wà."

Ọkọ obìnrin náà dúró ti ògiri, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó kàn ń wo àpò mi.

Mo mu omi, mo sì jáde. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wọ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀kadà lákòókò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìbàdàn ló ń wà á, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi Ìkọ̀tún hàn mí bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ: ibi tí wọ́n ti ń ta ata, ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà òkìrìkà, ibi tí ọ̀nà ti pín sí Ìjẹ̀gun. Nígbà tí mo sọ ilé ìwòsàn tí mo ń lọ fún un, ó dẹ eré kẹ̀kẹ́ náà.

"Àǹtí, ilé tí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà yẹn?"

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Ẹ má bínú, màá já yín sílẹ̀ ní ìkóríta. Kò jìnnà, ẹ kàn máa rìn lọ tààrà ni."

"Ṣebí o ní o máa gbé mi dẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹ má san owó tèmi, àǹtí. Ẹ sọ̀ síbí jàre."

Mi ò rí irú rẹ̀ rí, pé awakọ̀ Èkó sọ pé kí n má sanwó. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà.

Àdúgbò náà kún fún èèyàn. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọmọ ilé ìwé ń darí bọ̀ wálé, ẹnìkan ń din ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń súnmọ́ ilé náà, mo rí i pé àwọn tó ń bọ̀ níwájú mi máa ń rékọjá sí òdìkejì kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á sì tún padà sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́dẹ ilé náà pàápàá, Bàbá Ràṣídì, arúgbó ará Ṣakí, òdìkejì títì ni wọ́n gbé àga wọn sí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní Màmá ló rán mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó jìnnà sí géètì tẹ́ ẹ ń ṣọ́?"

"Ibí ni atẹ́gùn wà," ni wọ́n wí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Obìnrin ni wọ́n rán wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ṣí géètì fún mi, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, torí kò sí iná NEPA, wọ́n sì padà sẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo wọlé. Gbọ̀ngàn tí àwọn aláboyún máa ń jókòó sí ni mo kọ́kọ́ là kọjá. Àwọn bẹ́ǹṣì onígi ṣì tò síbẹ̀, wọ́n dojú kọ tábìlì nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi pákó dí fèrèsé, nítorí náà òkùnkùn wà nínú ilé bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ta gidi níta. Sípíkà kan wà lókè ògiri, ọ̀kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì. Òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù ò tíì tán níbẹ̀.

Yàrá sáfà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, mo tan án. Ó pẹ́ kó tó jí. Ìró dísìkì rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún, bí arúgbó tó ń wá èémí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí orúkọ àwọn aláìsàn wà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin láti inú gbọ̀ngàn.

"Nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní yàrá kejì."

Ohùn náà já gaara. Ó dùn, ó sì ní sùúrù. Mo rò pé èèyàn ti wọlé ni. Lójú kan náà ni mo tún rántí pé kò sí aláìsàn kankan níbẹ̀ mọ́ tí wọ́n lè máa pè. Mo yọjú sí gbọ̀ngàn.

Ìyá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ìró àti bùbá ló wọ̀, gèlè rẹ̀ wà létòlétò, bàtà rẹ̀ mọ́. Ó mú páálí kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà aláìsàn sí. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni, mo sì mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn iwájú.

"Màmá," mo ní. "Ẹ káàsán o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Wọn ò wo ẹ̀yìn. "Má yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi. Wọn ò tíì pè mí."

Ohùn náà tún pe mẹ́rìnlá. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní yàrá kejì."

"Èmi nìyẹn," ni ìyá náà wí. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì wọ yàrá kejì lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ àṣà wa. Bí èèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó ń pè é, kì í dáhùn. Ìyá mi a máa lu wá tí a bá sọ pé "Ẹ̀ẹ̀n" kí a tó mọ ẹni tó pè. Ìyá yìí sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ. Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan nínú yàrá náà ju àga méjì tó dojú kọ ara wọn lọ. Wọ́n ti jókòó sórí ọ̀kan, wọ́n ń bá èkejì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ń sọ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, àti ẹnìkan tó ṣègbéyàwó ní Ayọ̀bọ̀.

Mo sáré jáde bá Bàbá Ràṣídì. Wọ́n ti mọ ohun tí mo fẹ́ bèèrè.

"Ìyá Fúnmiláyọ̀ ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, èmi kì í tì í. Fúnmiláyọ̀ ni ohùn yẹn. Nọ́ọ̀sì ló jẹ́ níbí. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń pe nọ́ńbà wá, òun ni wọ́n ní kó sọ ọ́ sínú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tóhùn rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. Ọ̀kadà gbá a lójú títì yìí, ẹ̀mí bọ́ kó tó dé ọsibítù ńlá. Látìgbà tí Màmá ti kó lọ, bí NEPA bá ti mú iná wá, ẹ̀rọ yẹn á jí fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí kò tíì pè tán lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ń sá. Ìyá rẹ̀ ní tiwọn, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á wá jókòó."

Ó yé mi. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Bí iná bá lọ lójijì, á rántí ibi tó dé, ibẹ̀ ló sì máa ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Mo sọ ọ́ fún ara mi ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó yé mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ò yéé tutù.

Mo padà sídìí sáfà. Ìró dísìkì ti yí padà, ó ti ń ha bí ọ̀bẹ lórí àwo. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ràṣídì sọ fún mi pé ìwọ lo fẹ́ gbé e lọ. Ṣé ohùn ọmọ mi wà nínú ohun tó o máa mú?"

"Ẹ̀rọ yìí ń kú lọ, màmá. Mi ò mọ iye tí mo lè rí mú kó tó dákẹ́."

"Kọ́kọ́ mú ohùn ọmọ mi." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná. "Gbogbo àwòrán rẹ̀ wà nílé. Ohùn rẹ̀ ni mi ò ní. Ibòmíràn ò sí tó kù sí. Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ náà obìnrin ni."

Mo wo inú láptọ́ọ̀pù. Ohùn Fúnmiláyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò tiẹ̀ ní gba àkókò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá dákẹ́ láàárín ìyẹn ńkọ́? Mo rí ọkọ Ìyá Bàsírà lójú inú mi, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá," mo ní, "ẹnìkan ń rọbí ní Ìdímù. Ohun tó lè pa á wà nínú ẹ̀rọ yìí, mo gbọ́dọ̀ wá a jáde kí wọ́n má baà tún fún un. Ti ọmọ yín ló kàn. Mo búra fún yín, ti ọmọ yín ló kàn."

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń padà sí gbọ̀ngàn, mo sì gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún.

Mo wá orúkọ Ìyá Bàsírà. Ó pẹ́ kó tó jáde, dísìkì ń ha, ohùn náà sì ń pè lókè orí mi, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tó jáde, mo pe Màmá Métírọ́ọ̀nù, mo ka orúkọ abẹ́rẹ́ náà fún wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun! Òun gan-an ni mo ti fà sókè sínú síríǹjì, Sìdí. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí."

Mo pa fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn yòókù sínú dísìkì tuntun. Bí ìyẹn ṣe parí ni mo nawọ́ sí ohùn Fúnmiláyọ̀. Ó gba ení, èjì, ẹ̀ta wọlé. Ó dé ẹ̀sán. Nínú gbọ̀ngàn, ohùn náà ní, "Nọ́ńbà méjìdín..." ó sì gé síbẹ̀. Sáfà dákẹ́. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo tú u, mo yọ dísìkì, mo gbé e súnmọ́ etí mi. Bí òkúta ló rí.

Mo ní kí Bàbá Ràṣídì pa jẹnẹrétọ̀. Mo tú wáyà sípíkà kúrò lára ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó ti ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì, mo sì sọ òótọ́ fún wọn: pé mo rí ohùn náà mú láti ení dé ẹ̀sán, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò sí nínú rẹ̀.

Wọ́n wo páálí ọwọ́ wọn. "Obìnrin tó ń rọbí yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò ní fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, màmá."

"Ó dáa." Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

A jókòó. Bàbá Ràṣídì wọlé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn nínú ilé náà nìyẹn. Ariwo títì wà lókèèrè, bí ariwo ìlú mìíràn. Kò sí iná. Wáyà sípíkà wà nílẹ̀ níwájú wa, mo ń wò ó.

Ìyá Fúnmiláyọ̀ gbórí sókè. "Èmi nìyẹn," ni wọ́n wí.

Wọ́n wọ yàrá kejì. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé páálí náà lé orí tábìlì nọ́ọ̀sì, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

"Ó ní kí n máa lọ sílé," ni wọ́n sọ fún wa. "Ó ní àwọn ti parí iṣẹ́."

Wọ́n gba ilẹ̀kùn iwájú jáde sínú oòrùn. Bàbá Ràṣídì yíjú sí mi.

"O gbọ́ ọ, àbí o ò gbọ́ ọ?"

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn náà ò gbọ́ nǹkan kan. A jọ jáde, wọn ò sì tún tilẹ̀kùn.

Ìyá Bàsírà bí ọkùnrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tìyátọmọ làyọ̀. Mo sun Ìdímù, mo gbé sáfà tuntun dìde lọ́jọ́ kejì, mo sì da ohùn ení dé ẹ̀sán sínú fóònù kékeré kan tí Màmá Métírọ́ọ̀nù rà, pé àwọn fúnra wọn máa gbé e lọ fún ìyá náà. Wọ́n bi mí bóyá ká máa fi pe àwọn aláboyún. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti mirí. Nọ́ọ̀sì ló ń yọjú pè wọ́n níbẹ̀ báyìí, ní orúkọ kálukú.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n mi ò jẹ nǹkan ní Ògèrè. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo rí òkè ilé wa, àwọn ará ilé sì jáde wá pàdé mi, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, kí lẹ mú bọ̀ láti Èkó? Búrẹ́dì ni mo mú bọ̀. Mo sọ ìyókù fún ọkọ mi nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ohun tí mo ń pè ní ẹrù nínú ẹ̀rọ àwọn èèyàn, ẹ̀mí ni fún ẹnìkan, ọ̀fọ̀ ni fún ẹlòmíràn, mi ò sì lè mọ èwo ni èwo títí màá fi débẹ̀.

Ó ronú sí i. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ náà ńkọ́, nígbà tí ìyá yẹn sọ pé wọ́n pe òun, ṣé o gbọ́ nǹkan kan lóòótọ́?"

Mo ní rárá. Òótọ́ sì ni, mo búra, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ìyá náà tó gbórí sókè, kí wọ́n tó sọ pé àwọn nìyẹn, èmi ti dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì.